Orúkọ Ọlọ́run wo ni ká máa pè nínú àdúrà? Ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Àánú, Ogbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ kan wà ńlẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ẹ bá mi dá sí. Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ìyá ìjọ wa ní Òkè-Elérin lẹ́kọ̀ọ́ lórí orúkọ àti oyè Ọlọ́run, ìpàdé ìrọ̀lẹ́ ni, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ la ó fi ṣe é. Mo rò pé nǹkan kékeré ni, àfi bí mo ṣe dẹ́nu lé e tí ariwo sọ. Sístà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti Ìbàdàn ní ká jáwọ́ nínú Olódùmarè tí à ń pè, pé ti àwọn babaláwo nìyẹn. Òmíràn ní níbi ìṣọ́ òru kan tí òun lọ, wọ́n kọ́ àwọn pé ìṣòro kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀, pé tó bá jẹ́ owó lò ń wá tóo wá ń pe Jèhófà Ráfà, tí í ṣe Olúwa tó ń wo ni sàn, o kàn ń fẹnu ṣòfò ni. Ẹlòmíràn tún ní Yahweh gan-an lorúkọ ẹ̀, pé Ọlọ́run tí à ń pè yẹn kì í ṣe orúkọ. Bí wọ́n ṣe ń fà á lọ fà á bọ̀, ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́yìn, tí ò mọ̀wé rárá, tó ká ìborùn ẹ̀ sórí itan, kàn lanu ó ní, "Èmi o, Baba mi ni mò ń pè é látọjọ́ yìí o. Ṣé kò wá gbọ́ ni?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni mo ní ká dìde ká ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ni kí n sọ fún wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, báwo ni mo ṣe máa kọ́ ọ tí ò ní dìjà?

Tíṣà Arówómọlẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa mà. Tèmi ni pé kẹ́ẹ má fi lísìtì orúkọ bẹ̀rẹ̀ rárá, àwọn kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń to Jèhófà báyìí Jèhófà báyìí sí lára yẹn ló ń ba nǹkan jẹ́. Ìtàn ni kẹ́ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí, nǹkan ló ṣẹlẹ̀ sí èèyàn kan tó wá fi ohun tójú ẹ̀ rí sọ Ọlọ́run lórúkọ. Ẹ lọ ka Jẹ́nẹ́sísì 16. Ẹni àkọ́kọ́ tí Bíbélì fi hàn wá pé ó sọ Ọlọ́run lórúkọ kì í ṣe Ábúráhámù o, kì í ṣe wòlíì, Hágárì ni, ẹrúbìnrin ará Íjíbítì, tó lóyún sínú, tí ọ̀gá ẹ̀ fojú ẹ̀ rí màbo tó fi sá wọ aginjù lọ. Áńgẹ́lì bá a létí orísun omi lọ́nà Ṣúrì, ó bi í ní ìbéèrè méjì: níbo lo ti ń bọ̀, níbo lò ń lọ? Ẹ wò ó dáadáa, àkọ́kọ́ nìkan ló rí dáhùn, ó ní mò ń sá fún Sáráì ọ̀gá mi ni. Ibi tó ń lọ, kò lè sọ ọ́. Ibẹ̀ ló ti wá pe Olúwa tó bá a sọ̀rọ̀ ní "Ìwọ Ọlọ́run tó rí mi", ẹsẹ 13, òun ni àwọn oníwàásù ń pè ní El Roi.

Kò pè é ní Ọlọ́run tó bá mi ṣẹ́gun Sáráì, torí kò tíì rí ìyẹn. Kódà wọ́n ní kó padà sílé ọ̀gá ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn le, ẹ má fò ó tẹ́ ẹ bá ń kọ́ wọn. Nínú àwọn ìyá tó wà níwájú yín yẹn, àwọn tó ti ṣọmọ ọ̀dọ̀ rí ò ní ṣàì sí níbẹ̀, àwọn tí wọ́n lé jáde nílé ọkọ náà á wà ńbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, kẹ́ẹ sì bi wọ́n léèrè pé ìwọ ńkọ́, kí lójú tìẹ rí tóo fi ń pè é ní ohun tóo ń pè é.

Fẹ́lò LAUTECH:
Ẹ̀yin àgbà ẹ má bínú o, mo rò pé ẹni tó sọ̀rọ̀ Yahweh yẹn ní pọ́ìntì. Ní fẹ́lóṣíìpù wa, tá a bá ti fi Hébérù pè é, ara èèyàn máa ń gbọ̀n, ẹ̀ẹ́ kàn mọ̀ pé ilé ti yàtọ̀. Ẹni tẹ́ ẹ mọ orúkọ ẹ̀ tẹ́ ẹ wá ń pè ní "ọ̀gá, ọ̀gá" lójú títì, ṣé ó máa wẹ̀yìn ni?

Màmá Aláṣọ:
Ó máa wẹ̀yìn tó bá jẹ́ pé òun ni bàbá mi 😂

Akẹ́kọ̀ọ́ Semínárì:
Màmá, ẹ ti parí ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dá àbúrò wa lóhùn torí ìbéèrè gidi ló bi. Semínárì Onítẹ̀bọmi ìlú yìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898 ni mo wà, mo ń bá Hébérù yẹn jìjàkadì lọ́wọ́, ó ń dá mi ní ó ń gbé mi ṣánlẹ̀.

Orúkọ tí Ọlọ́run sọ fún Mósè, lẹ́tà mẹ́rin (YHWH) ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ó sì wà nínú Májẹ̀mú Láéláé níbi tó lé ní 6,000. Hébérù àtijọ́ kì í kọ fáwẹ̀lì sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn Júù ò pe orúkọ yẹn síta mọ́ torí ọ̀wọ̀, tí wọ́n bá kà á débẹ̀, Adonai ni wọ́n máa ń sọ, ìyẹn Olúwa. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì fáwẹ̀lì sí ìwé, àmì ti Adonai ni wọ́n fi sára lẹ́tà mẹ́rin yẹn kí òǹkàwé lè rántí, ibẹ̀ ni àwọn ará Yúróòpù ti kà á pọ̀ tó di Jèhófà. Yahweh ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ó sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gba ohùn Mósè sílẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá, ibikíbi tẹ́ ẹ bá ti rí OLÚWA tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ nínú Májẹ̀mú Láéláé, orúkọ yẹn náà ló wà lábẹ́ ẹ̀. Torí náà ìyá tó bá ń ka Sáàmù 23, "OLÚWA ni olùṣọ́-àgùntàn mi", ó ti pè é tán láìmọ̀.

Tó bá jẹ́ pé dídún ẹ̀ ni agbára wà, àwọn àpọ́sítélì ì bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wa. Gíríìkì ni wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, Olúwa ni wọ́n fi dípò ẹ̀. Orúkọ Jésù gan-an, orúkọ tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn Júù ni, ẹ wo Kólósè 4:11, Jésù kan wà ńbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jústù. Bàbá oṣó tó wà nínú Ìṣe 13, Baa-Jésù lorúkọ ẹ̀! Àwọn ọmọ Síkéfà méje nínú Ìṣe 19 pe orúkọ Jésù yẹn dáadáa, kò sí àṣìpè kankan, ẹ̀mí èṣù ní Jésù mo mọ̀ ọ́n, Pọ́ọ̀lù mo mọ̀ ọ́n, ta lẹ̀yin? Ìhòòhò ni wọ́n bá sá jáde. Ẹni tó ń pe orúkọ yẹn àti ẹni tí wọ́n ń pè, ṣé wọ́n mọra? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ìyá àgbà yẹn ńkọ́? Nígbà táwọn ọmọ ẹ̀yìn ní kí Jésù kọ́ àwọn ládùúrà, kò kọ́ wọn ní orúkọ àṣírí kankan, ó ní kí wọ́n sọ pé Baba wa. Ní Gẹ́tísémánì tí ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára, Ábà ló pè, Máàkù 14:36, èdè tí wọ́n ń sọ nílé ni. Róòmù 8:15 wá ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń jẹ́ kí àwa náà máa ké Ábà, Baba. Ìyá yẹn ò kẹ́yìn nínú yín rárá.

Fẹ́lò LAUTECH:
Bàa-Jésù! N ò fura sí i rí. Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Màá ṣì máa pe Yahweh ṣá, ó dùn lẹ́nu mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Semínárì:
Máa pè é o jàre, kò sẹ́ni tó ní kóo má pè é. Má kàn sọ fún ẹni tó ń pe Olúwa pé fóònù ẹ̀ ò wọlé.

Ọmọ Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́:
Ẹ jẹ́ kí èmi mú ti Olódùmarè, torí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú. Ẹni tó bá ní ká yọ Olódùmarè kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kó kọ́kọ́ mú àlùmọ́gàjí kó gé Jẹ́nẹ́sísì 17 ẹsẹ 1 kúrò nínú Bíbélì ẹ̀. "Èmi ni Ọlọ́run Olódùmarè, máa rìn níwájú mi." Ibi tí Hébérù ti ní El Shaddai tí gbogbo wa fi ń kọrin nìyẹn. Àjàyí Crowther tó ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ yẹn, ọmọ Òṣoogùn ni, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, lọ́nà Ìṣẹ́yìn, ogun kó o lẹ́rú ní 1821, ó padà di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, odidi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. Kì í ṣe ẹni tí ò mọ ohun tí wọ́n ń bọ nílé bàbá ẹ̀. Wọn ò pe Ọlọ́run ní Ṣàngó, wọn ò pè é ní Ọbàtálá, ẹni tí gbogbo ilé gbà pé ó ga ju gbogbo wọn lọ ni wọ́n mú orúkọ ẹ̀. Pọ́ọ̀lù náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Áténì, ó rí pẹpẹ Ọlọ́run tí a kò mọ̀, ó ní ẹni tẹ́ ẹ ń sìn láìmọ̀ yẹn lòun wá sọ fún yín. Pé babaláwo náà ń pè é ò sọ ọ́ di ti babaláwo, àbí àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wa ò pe Ọlọ́run ni? Ká wá fi ìyẹn náà sílẹ̀?

Ṣùgbọ́n ó níbi témi náà ti ń tẹ bíréèkì o. Ìlú Aláàfin la wà, ẹnu àwọn akọrin wa dùn, oríkì ọba ni wọ́n sì máa ń kó fún Ọlọ́run ráúráú. Níbi ìsọjí kan, bọ̀dá tó di máíkì mú ń ké, "Ikú Bàbá Yèyé! Aláṣẹ èkejì òrìṣà!" gbogbo èèyàn ń jó, áńkáṣíìfù ń fò lókè. Bàbá kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ agboolé onílù, rọra ń rẹ́rìn-ín, ó ní "Èkejì òrìṣà kẹ̀? Ta wá ni àkọ́kọ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Oyè ọba ni, ó sì tọ́ sí ọba. Tẹ́ ẹ bá gbé e fún Ọlọ́run, ẹ ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, níbi tẹ́ ẹ ti rò pé ẹ̀ ń gbé e ga. Kábíyèsí ní tiẹ̀ ò burú létí mi. Atẹ́rẹrẹ-káríayé dùn, Ọba àwọn ọba wà nínú Ìfihàn 19:16 gbangba. Kẹ́ni tó fẹ́ ki Ọlọ́run kọ́kọ́ mọ ohun tí oríkì ń sọ.

Màmá Aláṣọ:
Ó ga o. A sì ti jó o jó o.

Èmi fẹ́ sọ ti orúkọ-kan-ìṣòro-kan yẹn. Ìyá Àánú, ọjà la wà, ẹ bá mi ka iye ṣọ́ọ̀bù tó ń jẹ́ Jèhófà Jire, ìyẹn OLÚWA yóò pèsè. Gbogbo wa ti sọ ọ́ di orúkọ owó. Ẹ padà lọ ka Jẹ́nẹ́sísì 22 fún wọn, kò sówó ńbẹ̀. Bàbá kan ló gbé igi ru ọmọ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ mú iná àti ọ̀bẹ lọ́wọ́, ọmọ wá ń bi í pé Baba mi, iná rèé, igi rèé, ọ̀dọ́-àgùntàn ẹbọ sísun dà? Ìyá ọmọ wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí ò ní gbé ọwọ́ lérí. Àgbò tó kó ìwo sí pàǹtí ni Olúwa pèsè, dípò ọmọ. Ẹni tó bá ti ní ọmọ tó dùbúlẹ̀ àìsàn rí mọ Jire ju ẹni tó ń wá owó ṣọ́ọ̀bù lọ. N ò ní kẹ́ni kẹ́ni má fi tọrọ owó o, èmi náà ń tọrọ.

Tọ́rọ̀ bá wá dójú ẹ̀, ṣé ẹ mọ orúkọ tó máa ń jáde lẹ́nu mi? "Ọlọ́run ìyá mi!" Ìyá mi ni mo máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀ ní ìdájí kó tó gbálẹ̀, á máa dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ̀ bóyá ó wà nínú Bíbélì.

Díkónì Bàbá Ìbejì:
Màmá, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kìlọ̀ fún. Wọ́n á ní Ọlọ́run Babalọlá (àpọ́sítélì CAC àtijọ́ yẹn), Ọlọ́run bàbá wa báyìí, ó máa ń dà bíi pé òkú ni wọ́n ń pè. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra.

Tíṣà Arówómọlẹ̀:
Díkónì sà, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ó wà nínú Bíbélì. Ẹ́kísódù 3:6, Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló ní òun ni Ọlọ́run Ábúráhámù, Ọlọ́run Ísáákì, Ọlọ́run Jákọ́bù, orúkọ àwọn tó ti kú ló fi júwe ara ẹ̀. Èlíṣà náà, lẹ́yìn tí Èlíjà ti lọ, ó mú agbádá ọ̀gá ẹ̀, ó fi lu omi Jọ́dánì, ó ní níbo ni OLÚWA Ọlọ́run Èlíjà wà? Omi pín. Kò ní níbo ni Èlíjà wà. Ẹni tó bá ní Ọlọ́run ìyá mi, ohun tó ń sọ ni pé mo rí ohun tóo ṣe fún un, èmi ni mo kù.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún ti Màmá. Àwọn orúkọ tí a fi ń kígbe yẹn, púpọ̀ nínú wọn, ibì kan ni wọ́n fi sọ. Jire, ibi tí wọ́n ti rúbọ ni Ábúráhámù sọ bẹ́ẹ̀. Nísì, ìyẹn OLÚWA ni ọ̀págun mi, pẹpẹ ni, lẹ́yìn ogun Ámálékì tí Áárónì àti Húrì bá Mósè gbé ọwọ́ sókè torí ọwọ́ ti ń ro ó. Ṣálómù, pẹpẹ Gídíónì. Ṣámà, ìyẹn OLÚWA wà níbẹ̀, orúkọ ìlú ni ní ìparí ìwé Ìsíkíẹ́lì. Ráfà ò ní pẹpẹ, Ọlọ́run ló sọ ọ́ ní Ẹ́kísódù 15:26 lẹ́yìn omi kíkorò Márà, "èmi ni OLÚWA tó mú ọ lára dá". Àmì ni wọ́n ń gún sílẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbí. Èyí tó máa ń mú mi jù ni ti Gídíónì, Onídàájọ́ 6. Ọkùnrin yẹn ń pa ọkà mọ́ sínú ibi ìfúntí káwọn ará Mídíánì má baà rí i, ẹ̀rù ń bà á, ó rí áńgẹ́lì ó rò pé òun ti kú. Olúwa ní àlàáfíà fún ọ. Ó bá mọ pẹpẹ, ó sọ ọ́ ní OLÚWA Àlàáfíà. Ogun ò tíì bẹ̀rẹ̀ o! Mídíánì ṣì wà lójú agbo pẹ̀lú ràkúnmí wọn. Ẹni tí ìṣòro ẹ̀ ò tíì yanjú náà lè pe Ṣálómù.

Díkónì Bàbá Ìbejì:
Ti Èlíṣà yẹn tọ̀nà, mo gbà. Ó kù kan ṣá. Ẹ má kọ́ àwọn ìyá yẹn tán kẹ́ẹ gbàgbé òfin kẹta, bí a ṣe ń kà á: má pe orúkọ OLÚWA Ọlọ́run rẹ lásán. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó bá kọ ẹsẹ̀ tó ní "Jésù!" nìkan ni. Ẹni tó fi Ọlọ́run búra lórí ọjà tó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ ńkọ́? Ẹni tó ní Ọlọ́run ló rán òun sí ẹ pé kóo mú owó wá? Òun gan-an ló ń pè é lásán jù. Ẹ tún sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé Jèhófà Ṣápù-ṣápù ò sí níbì kankan.

Màmá Aláṣọ:
Bàbá, ẹ fi Ṣápù-ṣápù sílẹ̀ fún wa, ó ti gbọ́ àdúrà mi rí kí n tó délé 😂

Ìyá Àánú, Ogbómọ̀ṣọ́:
Áà, ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ti pinnu pé Hágárì ni n ó fi ṣíde, lẹ́yìn ẹ̀ Gídíónì, lẹ́yìn ẹ̀ Jire tí Màmá là sílẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ fi sọ ti Jésù. Ìbéèrè kan ló kù: ọ̀kan nínú wọn ní Mùsùlùmí tí àwọn jọ ń gbé ilé máa ń sọ pé Jésù fúnra ẹ̀ ní Ọmọ Ènìyàn lòun, pé kí wá ni à ń pè é ní Ọmọ Ọlọ́run fún. Kò rí èsì fún un.

Ọmọ Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́:
Kó má bá ẹni tí wọ́n jọ ń pọnmi jà lórí ẹ̀ ṣá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Semínárì:
Bẹ́ẹ̀ ni, kó má bá a jà, ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá ló bi. Nínú ìwé Ìhìn Rere, Ọmọ Ènìyàn ni Jésù fi pe ara ẹ̀ jù lọ, òótọ́ ni. A máa ń gbọ́ ọ bíi pé ó ń sọ pé èèyàn bíi tiyín lèmi, ìyẹn náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbọ́ ọ nígbà yẹn mọ Dáníẹ́lì 7:13. Dáníẹ́lì rí ẹnì kan tó dà bí ọmọ ènìyàn tó ń bọ̀ nínú àwọsánmà, wọ́n mú un wá síwájú Ẹni Àgbà Ọjọ́, wọ́n fún un ní ìjọba tí ò ní tán, gbogbo orílẹ̀-èdè ń sìn ín. Ìyẹn kọjá èèyàn lásán. Kristi náà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe orúkọ bàbá ẹ̀, oyè ni, Ẹni tí a fi òróró yàn, bí wọ́n ṣe ń ta òróró sórí ọba àti àlùfáà ní Ísírẹ́lì.

Màá ní kẹ́ẹ mú Máàkù 14 láti ẹsẹ 61. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀wé kà dáadáa kà á sókè. Olórí àlùfáà bi Jésù bóyá òun ni Kristi, Ọmọ Olùbùkún. Ó ní èmi ni, ẹ ó sì rí Ọmọ Ènìyàn tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún agbára, tó ń bọ̀ nínú àwọsánmà ọ̀run. Olórí àlùfáà bá fa aṣọ ara ẹ̀ ya, ó ní ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òdì. Kẹ́ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má tíì ṣàlàyé, kẹ́ẹ bi wọ́n pé: tó bá jẹ́ pé ohun tó sọ ò ju pé èèyàn lòun lọ, kí ni bàbá yẹn ń fa aṣọ ya sí?